Ẹnu Dókítà, Etí Akọ̀wé

Kò sí ẹni tí ó jókòó rí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ àpèkọ. Olùkọ́ a dúró níwájú, a pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, a tún un pè lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ a sì doríkodò lé ìwé wọn, wọn a máa kọ ọ́. Ọmọ tí kò bá gbọ́ a nawọ́ sókè, olùkọ́ a sì tún un pè fún un, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú ìkanra. Àpèkọ mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú rẹ̀, ẹni tí ń pe ọ̀rọ̀ ti lọ kí ẹni tí yóò kọ ọ́ tó jókòó. Ó lè ti sùn, ó lè wà ní ìlú mìíràn, ó sì lè jẹ́ pé òkun ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó pe ọ̀rọ̀ náà, ó yára pè é, ó sì lè jẹ́ pé oúnjẹ ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ bí ó ti ń pè é. Ẹni tí ń kọ ọ́ kò rí ẹni tí yóò nawọ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó ń kọ kì í ṣe ìtàn ìjàpá. Àìsàn ènìyàn ni, àti orúkọ oògùn, àti ìwọ̀n tí a óò fún aláìsàn lò. Iṣẹ́ àwọn tí a lè pè ní akọ̀wé àpèkọ ìṣègùn nìyí, ìṣòro tí ó sì ga jù nínú rẹ̀ ni bí a ti í mọ ohun tí dókítà wí nígbà tí ohun tí ó wí kò yéni.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni iṣẹ́ yìí ti fìdí múlẹ̀ jù lọ. Ní ọdún 1877 ni Thomas Edison ṣe ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí ó gba ohùn ènìyàn sílẹ̀ tí ó sì sọ ọ́ padà. Nígbà tí ó ń to àwọn ohun tí ẹ̀rọ náà lè wúlò fún lẹ́sẹẹsẹ ní 1878, kì í ṣe orin ni ó fi ṣáájú; lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ pípè ni, èyí tí ó ní ènìyàn yóò lè ṣe láìlo akọ̀wé. Ọkùnrin náà mọ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n níti akọ̀wé, ó ṣì í: ó ti lé ní 140 ọdún tí ẹ̀rọ náà ti dé, akọ̀wé kò sì tí ì kúrò nídìí rẹ̀. Ní 1907 ni ilé-iṣẹ́ Columbia fi orúkọ náà Dictaphone sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Orí ìda róbótó ni ohùn ń wọ̀ nígbà náà, abẹ́rẹ́ a sì máa tọ ipa rẹ̀. Ní 1947 ni bẹ́líìtì oníke bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ìda. Lẹ́yìn náà ni kásẹ́ẹ̀tì dé, kọ̀ǹpútà sì lé kásẹ́ẹ̀tì lọ. Ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ yípadà ni ìjókòó akọ̀wé: ohun ìgbọ́rọ̀ létí, ọwọ́ lórí àwọn lẹ́tà, ẹsẹ̀ lórí pátákó kékeré kan tí ó fi ń dá ohùn dúró, tí ó fi ń dá a padà sẹ́yìn, tí ó sì fi ń sọ ọ́ pé kí ó máa lọ.

Ìdí tí dókítà fi ń pe ọ̀rọ̀ dípò kí ó kọ ọ́ kò ṣòro í rí. Ẹni tí ó rí 20 aláìsàn ní ọjọ́ kan kò ní ọwọ́ tí yóò fi kọ ìtàn gbogbo wọn, bí ó bá sì kọ ọ́, ta ni yóò lè kà á? Síbẹ̀ òfin fẹ́ kí àkọsílẹ̀ wà, àwọn tí ń san owó ìtọ́jú fẹ́ ẹ, dókítà mìíràn tí yóò rí aláìsàn náà lọ́la sì nílò rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe ohun gbogbo sínú ẹ̀rọ: ìtàn àìsàn, àyẹ̀wò ara, bí iṣẹ́ abẹ ti lọ, àti ìwé tí a fi ń tú aláìsàn sílẹ̀ lọ sílé. Láti ìgbà tí ọ̀nà ìfohùnránṣẹ́ ti rọrùn, pàápàá láti bí ọdún 1990 síwájú, púpọ̀ nínú ohùn wọ̀nyí ni ó ń gba ojú afẹ́fẹ́ lọ sí Íńdíà àti Philippines, níbi tí ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí ó ń ṣú ní Amẹ́ríkà. Iye ìlà tí akọ̀wé bá tẹ̀ ni a fi ń san owó rẹ̀. Lẹ́tà 65 ni a sì sábà máa ń kà sí ìlà kan. Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ohun tí èyí túmọ̀ sí. Akọ̀wé tí ó tún ọ̀rọ̀ kan gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nítorí pé ó fẹ́ mọ òtítọ́ rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀ ju ẹni tí ó kàn fi ohun tí ó dà bí i síbẹ̀ lọ, àkókò rẹ̀ sì ti lọ. Ìlànà ìsanwó náà kò fara mọ́ ẹni tí ó ṣọ́ra, àbùkù rẹ̀ sì nìyẹn.

Bí a bá ní kí a to ohun tí í ba ọ̀rọ̀ dókítà jẹ́ jọ, ilẹ̀ á kún. Òmíràn a máa pe ọ̀rọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ìwòsàn tí kẹ̀kẹ́ aláìsàn ń kọjá tí ó ń han gooro. Òmíràn a máa pè é láti inú ọkọ̀ tí ń sáré. Ẹlòmíràn a yán, a jẹun, a bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ láàárín gbólóhùn, a sì padà sí gbólóhùn náà láìdúró. Àwọn kan a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn a sì ti lọ. Àwọn mìíràn a pa ẹ̀rọ kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó parí lẹ́nu wọn. Ohun kan wà ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ tí àwọn akọ̀wé tí ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ mọ̀ dáadáa: ibi tí kò bá dá dókítà fúnra rẹ̀ lójú, ibẹ̀ gan-an ni ó máa ń rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìwọ̀n oògùn tí kò rántí dáadáa, orúkọ àrùn tí kò dájú pé ó pè dáradára, a gbé e mì bí ẹni tí kò mọ ẹsẹ orin tí ó kàn.

Àmọ́ ṣá, kì í ṣe ibi tí dókítà ti ń yára jù ni ó ṣòro jù láti gbọ́. Nígbà tí ó bá dé ibi àyẹ̀wò ara, tí ó ń ka orí, ojú, ọrùn, àyà àti ikùn tẹ̀léra wọn, a máa dà á bí ẹni tí ń ka ohun àkọ́sórí. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ nígbà ọgọ́rùn-ún mọ ohun tí ó kàn kí ó tó dé. Ohun tí ìlù dùndún ń ṣe fún etí Yorùbá nìyí gan-an. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ́lì. Ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ní. Lójú ìlù, ‘ilé’, ‘owó’ àti ‘ọkọ́’ kò yàtọ̀ sí ara wọn, bẹ́ẹ̀ ni ‘òjò’ àti ‘ọ̀nà’ jẹ́ ọ̀kan náà. Síbẹ̀ àgbàlagbà tí a ń lu oríkì rẹ̀ a máa mi orí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń gbọ́. Odidi gbólóhùn tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, etí rẹ̀ a sì fi ohun tí ó mọ̀ dí àlàfo ohun tí kò gbọ́. Àǹfààní ńlá ni èyí. Ewu rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Dókítà tí ó ti wí lórí 99 aláìsàn pé ọkàn wọn ń lù geerege láìsí ariwo kankan lè bá ariwo pàdé nínú ọkàn ẹni ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá yára sọ ọ́, etí akọ̀wé a gbọ́ èyí tí ó ti mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ a sì ti tẹ̀ ẹ́ kí ó tó mọ̀.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ti wọlé, ìyẹn ni pípa ‘bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ dà. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ‘no bleeding’ túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ kò dà, ‘now bleeding’ sì túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Ìró fáwẹ́lì kan ṣoṣo ni ó là wọ́n. ‘Febrile’ ni ẹni tí ibà mú, ‘afebrile’ ni ẹni tí ibà kò mú; bí dókítà bá gbé ‘a’ kékeré iwájú yẹn mì, ẹni tí ara rẹ̀ tutù di ẹni tí ara rẹ̀ ń gbóná. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kò ní ya ẹnu sí èyí. Ṣebí ‘a kò lọ’ di ‘a ò lọ’ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì di ‘a à lọ’ lẹ́nu àwọn mìíràn, tí ó fi jẹ́ pé ohùn ìsàlẹ̀ kan péré ni ó kù láàárín ẹni tí ó lọ àti ẹni tí kò lọ. Kò sí èdè tí kì í tẹ́ ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ rẹ̀ pẹlẹbẹ báyìí nígbà tí ẹnu bá ń kánjú.

Àwọn ọ̀rọ̀ ìṣègùn tún fi ti wọn kún un, nítorí pé láti inú èdè Gíríìkì àti Látìn ni a ti ṣẹ̀dá púpọ̀ nínú wọn, wọ́n sì jọ ara wọn bí ìbejì. ‘Hypertension’ ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ‘hypotension’ ni kí ẹ̀jẹ̀ má ru tó. Oògùn ọ̀kan a máa pa ẹlẹ́kejì. ‘Ilium’ jẹ́ egungun ní ìbàdí, ‘ileum’ jẹ́ apá ìkẹyìn ìfun kékeré, a sì ń pe méjèèjì bákan náà láìsí ìyàtọ̀ rárá. ‘Dysphagia’ ni àìlègbé oúnjẹ mì, ‘dysphasia’ ni àìlèsọ̀rọ̀ bí ó ti yẹ, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ bá sì kọlù lè ní ọ̀kan tàbí méjèèjì. ‘Abduction’ ni gbígbé apá kúrò lára, ‘adduction’ ni dídá a padà sí ara, èyí sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn dókítà tí ó ní àánú fi ń dárúkọ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó pe ìyókù ọ̀rọ̀ náà.

Ó tún ku ẹnu tí ń pe ọ̀rọ̀. Nínú dókítà mẹ́rin tí ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, bí ẹnì kan ni ó jẹ́ pé òkèèrè ni ó ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ni Gẹ̀ẹ́sì kì í sì í ṣe èdè abínibí wọn. Àwọn ọmọ Yorùbá kò gbẹ́yìn láàárín wọn, ní Amẹ́ríkà àti ní Ìlú Ọba. Èdè wa kò ní ‘z’, kò ní ‘v’, kò sì ní ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ ‘three’. Nítorí náà ‘zinc’ lè di ‘sink’ lẹ́nu ọmọ Yorùbá, ‘three’ a sì di ‘tree’. Fáwẹ́lì ‘i’ tiwa kò pín sí gígùn àti kúkúrú bí tiwọn. Bí irú dókítà bẹ́ẹ̀ bá ń tú arúgbó obìnrin kan sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn, tí ó wí pé ‘she will live with her daughter’, ohun tí ó wí ni pé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ni yóò máa gbé. Ṣùgbọ́n akọ̀wé lè gbọ́ ‘leave’, pé ọmọ rẹ̀ ni yóò wá mú un lọ. Gbólóhùn méjèèjì ni ó mọ́gbọ́n wá. Ní ọ̀kan, ilé wà fún obìnrin náà láti sinmi. Ní èkejì, ilé kò sí, bí kò ṣe ẹni tí yóò bá a rìn. Ẹni tí ó wá láti Íńdíà a máa da ‘v’ pọ̀ mọ́ ‘w’, ẹni tí ó ń sọ èdè Sípéènì a máa da ‘b’ pọ̀ mọ́ ‘v’. Àwọn akọ̀wé tí ó mọṣẹ́ kì í kùn sí èyí bí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ti í kùn. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ń pe ọ̀rọ̀ ní ọ̀nà àjèjì ń tẹ̀lé òfin: ìró tí ó bá yí lónìí ni yóò yí lọ́la. Nítorí náà wọ́n a máa kọ ìwé kékeré kan lórí dókítà kọ̀ọ̀kan, wọn a to ìró rẹ̀ sí i, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ wọn a sì máa gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ èdè ìyá wọn. Èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí onímọ̀ èdè ń ṣe nígbà tí ó bá fi ẹ̀ka-èdè méjì wé ara wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà tí ń kùn láàárín eyín rẹ̀ ni kò ní òfin.

Nọ́ḿbà ni ibi tí ó léwu jù. ‘Fifteen’ àti ‘fifty’ jọ ara wọn débi pé ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn dókítà ni pé kí wọ́n pe 15 ní ‘one five’, kí wọ́n sì pe 50 ní ‘five zero’. Àwọn tí ń bú ọ̀nà ìkàyé Yorùbá pé ó le kò rántí pé ‘ẹ́ẹ̀ẹ́dógún’ àti ‘àádọ́ta’ kò lè ṣi ara wọn lọ́nà láéláé. Àmọ́ kí a má yọ̀ jù, nítorí ‘ọgọ́rin’ àti ‘ọgọ́rùn-ún’ wà nílé tiwa náà. Ní 2008, obìnrin kan tí ó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà kú ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ìwọ̀n insulin tí ó yẹ kí ó gbà ni 8, ṣùgbọ́n 80 ni ó wà nínú ìwé tí a tẹ̀ láti inú ohùn dókítà, ìlọ́po mẹ́wàá. Òkèèrè ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, 80 náà ni wọ́n sì fún un. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2012, àwọn onígbìmọ̀ ìdájọ́ ní kí a san mílíọ̀nù 140 dọ́là fún àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dán ‘eight units’ wò kíákíá yóò rí i pé ìró ‘y’ tí ó bẹ̀rẹ̀ ‘units’ a máa lẹ̀ mọ́ ìdí ‘eight’, tí ó fi ń dún bí ‘eighty’. Kò sì sí ẹni tí yóò lè fi etí nìkan ya méjèèjì níbi tí ariwo bá wà. Ojú náà ní àṣìṣe tirẹ̀ tí ó jọ ti etí: bí a bá fi ọwọ́ kọ ‘U’ lásán dípò ‘units’ lẹ́yìn 8, ó lè dà bí òdo, kí 8 tún di 80. Nítorí irú èyí ni àjọ tí ń fún àwọn ilé-ìwòsàn Amẹ́ríkà ní ìwé ẹ̀rí, Joint Commission, fi ka ‘U’ mọ́ àwọn ìkékúrú tí a kò gbọdọ̀ lò mọ́ ní 2004. Wọ́n ka òdo tí í tẹ̀lé àmì ìdá mọ́ ọn pẹ̀lú, nítorí ẹni tí kò rí àmì náà yóò ka 1.0 sí 10.

Orúkọ oògùn sì jẹ́ igbó kan fúnra rẹ̀. Láàárín 1996 sí 1999 nìkan ni Cerebyx, Celexa àti Celebrex dé ọjà Amẹ́ríkà: ọ̀kan fún wárápá, ọ̀kan fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ọ̀kan fún oríkèé ríro. Ṣáájú èyí, oògùn inú ríro kan wà tí à ń pè ní Losec, àwọn ènìyàn sì ń ṣì í gbọ́ sí Lasix, oògùn tí ń mú ni tọ̀ púpọ̀. Ní 1990 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Prilosec nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni àwọn ènìyàn bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í dà á pọ̀ mọ́ Prozac. Láti 2001 ni àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso oògùn ti ń dámọ̀ràn pé kí a máa fi lẹ́tà ńlá kọ ibi tí orúkọ méjì tí ó jọra ti yàtọ̀, bí hydrOXYzine àti hydrALAZINE. Ó dára fún ẹni tí ń ka orúkọ lára ìgò. Kò ṣe akọ̀wé àpèkọ ní àǹfààní kankan, nítorí kò sí lẹ́tà ńlá nínú ohùn.

Kí ni akọ̀wé ń ṣe nígbà tí ó bá kan irú ọ̀rọ̀ báyìí? Ohun àkọ́kọ́ ni kí ó tún un gbọ́. Bí kò bá yé e, kí ó dẹ ohùn náà kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ó mú kí ó yára, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan lè farahàn nínú eré tí kò farahàn nínú ìrìn. Bí èyí kò bá ràn án lọ́wọ́, kí ó fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ. Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà ti ń ṣìnà, tí wọn a dúró ti ọ̀rọ̀ kan títí etí wọn yóò fi kú. Dókítà tí ó kùn ní ìpínrọ̀ kìíní lè sọ ọ̀rọ̀ kan náà ketekete ní ìpínrọ̀ kẹta. Lẹ́yìn èyí ni akọ̀wé yóò wo ìwé tí a ti kọ tẹ́lẹ̀ nípa aláìsàn náà, ọjọ́ orí rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, oògùn tí ó ti ń lò, àti èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Akọ̀wé gbọ́ orúkọ oògùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ‘lami’, ìdí rẹ̀ sì rì sínú ìkọ́. Ó lè jẹ́ Lamictal, oògùn wárápá. Ó lè jẹ́ Lamisil, oògùn àrùn tí í ba èékánná jẹ́. Ó gbọ́ 250 miligiráàmù lẹ́yìn rẹ̀. Hóró Lamisil a máa wà ní 250; hóró Lamictal wà ní 25, ní 100, ní 150 àti ní 200. Èyí fì sọ́dọ̀ Lamisil, ṣùgbọ́n kò tí ì parí, nítorí ẹni tí ó lo hóró 100 méjì àti 25 méjì ti lo 250 náà. Ó tún gbọ́ ‘ọ̀sẹ̀ 12’. A kì í fún ènìyàn ní oògùn wárápá fún ọ̀sẹ̀ 12 kí a sì dá a dúró. Iye ọ̀sẹ̀ tí a sì ń lo Lamisil fún èékánná ẹsẹ̀ nìyẹn gan-an. Ó padà sí ibi àyẹ̀wò ara, ó sì bá a pé èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ nípọn, ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Nígbà náà ni ó tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà kí ó tẹ orúkọ náà. Ẹ̀rí mẹ́rin ni ó lò, kò sì sí èyí tí ó dá tó nínú wọn. Ní ti hydroxyzine àti hydralazine ẹ̀wẹ̀, ìwọ̀n kò ran ni lọ́wọ́ rárá, nítorí àwọn méjèèjì ni ó wà ní 10, 25 àti 50. Àfi kí ó mọ̀ bóyá ara ni ó ń yún aláìsàn ni tàbí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó ń ru. Bí ohun méjèèjì bá sì ń ṣe é, kò sí ọgbọ́n mọ́.

Nígbà tí kò bá sí ọgbọ́n mọ́, òfin iṣẹ́ náà rọrùn: kí akọ̀wé fi àlàfo sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akọ̀wé wọ̀nyí, tí a dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1978 tí ó sì yí orúkọ padà ní 2007, kò fi èyí ṣe eré. Kí ó fa ìlà sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ì bá wà, kí ó kọ ìṣẹ́jú tí ó wà nínú ohùn náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí ó jọ létí rẹ̀, kí dókítà lè tètè rí i. Kò gbọdọ̀ méfò. Àìgbọ́fá ni à ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Ṣùgbọ́n bí òfin náà ti rọrùn tó, ó ṣòro láti pa á mọ́, nítorí àlàfo a máa dójú ti ẹni tí ó fi í sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan a máa ka iye àlàfo akọ̀wé kọ̀ọ̀kan bí ẹni ka ẹ̀ṣẹ̀. Dókítà mìíràn a sì máa bínú pé kí ni ẹni yìí kò gbọ́ nínú ohun tí òun sọ kedere. Akọ̀wé tuntun tí ẹ̀rù ń bà a lè wá ọ̀rọ̀ kan tí ó bá gbólóhùn mu kí ó fi dí ihò náà. Ìwé a sì dán mọ́rán. Ìwé tí ó dán mọ́rán tí ó sì purọ́ burú ju ìwé tí ó ní ihò lọ, nítorí ẹni tí ó bá rí ihò yóò bèèrè, ẹni tí kò rí i yóò kàn gbà á gbọ́.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí ń gbọ́ ohùn tí ó sì ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí ó yẹ láti yẹ̀ wò dáadáa. Láti bí 1996 ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti wọ iṣẹ́ àwọn dókítà tí ń wo àwòrán inú ara, lónìí ó sì ti wọ ibi gbogbo, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ akọ̀wé kì í tẹ ọ̀rọ̀ mọ́; ohun tí ẹ̀rọ tẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Ìwádìí kan jáde ní 2018 lórí 217 ìwé tí àwọn dókítà 144 pè ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ, àṣìṣe lé ní méje. Lẹ́yìn tí akọ̀wé ti tún un wò, kò pé ẹyọ kan mọ́, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ẹyọ kan ni. Lẹ́yìn tí dókítà buwọ́ lù ú, ìdá mẹ́ta. Ẹ̀rọ ti sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà náà. Àmọ́ ohun kan wà tí a kò tí ì kọ́ ọ dáadáa, ìyẹn ni fífi àlàfo sílẹ̀. Ní 2024, àwọn olùwádìí kan yẹ Whisper wò, ẹ̀rọ ìgbọ́hùn kan tí ó gbajúmọ̀, wọ́n sì rí i pé nínú bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ohùn tí a fi fún un, ó kọ odidi gbólóhùn tàbí àpólà tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Èyí ń ṣẹlẹ̀ jù fún àwọn tí àrùn ti mú kí ọ̀rọ̀ ṣòro fún láti sọ, tí wọ́n ń dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ pẹ́ títí. Ẹ̀rọ náà a gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, a sì fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Àlàfo tí akọ̀wé bá fi sílẹ̀ a máa padà sọ́dọ̀ dókítà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. A ṣí ìwé náà, a rí ìlà tí a fà, a sì tẹ ohùn ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nígbà púpọ̀, òun náà kì í mọ ohun tí ó sọ. A tẹtí sí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, a fọwọ́ bo etí kejì, ohùn tirẹ̀ a sì dà bí ti àlejò létí rẹ̀. Nígbà náà ni yóò dìde, tí yóò lọ wo ìwé oògùn ní ẹsẹ̀ ibùsùn aláìsàn, kí ó tó padà wá kọ ọ̀rọ̀ kan náà síbẹ̀.